Ẹja inú páálí àwo Fẹlá, níbo ló ti wá?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo rí àwo Fẹlá kan nínú ẹrù bàbá àgbà mi, Alagbon Close. Mo wo páálí ẹ̀ títí, ẹja ńlá kan ń da ọkọ̀ ọlọ́pàá dé lójú omi. Mo wá gbọ́ orin yẹn tán pátá, mi ò gbọ́ ẹja kankan níbẹ̀ o. Ta ló fi ẹja síbẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, ojú ẹ ríran o. Kì í ṣe Fẹlá ló ni ẹja yẹn, ayàwòrán ló ni ín. Lemi Ghariokwu lorúkọ ẹ̀, Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1955, kò kọ́ àwòrán níléèwé kankan, fúnra ẹ̀ ló kọ́ ọ. Ní 1974, akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Babatunde Harrison rí àwòrán Bruce Lee tó yà, tí wọ́n gbé kọ́ sílé ọtí kan, ló bá ní kó ya Fẹlá kóun wò ó. Bí wọ́n ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ Fẹlá nìyẹn, inú ẹ̀ dùn, ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì ₦120 fún un, ọmọ yìí ní rárá, òun fi ta á lọ́rẹ ni. ₦120 ayé ìgbà yẹn o! Èmi ì bá ti gbà á ní tèmi. Fẹlá wá kọ ìwé lé e lọ́wọ́ pé kó máa wọlé wòran òun lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì pẹ́ tó fi gbé iṣẹ́ Alagbon Close fún un.

Wá tún páálí yẹn wò. Fẹlá ń jó, ṣẹkẹṣẹkẹ̀ ti já lọ́wọ́ ẹ̀, àhámọ́ ọlọ́pàá tó wà ní Alágbọn l'Ékòó, tí orin yẹn ń sọ, ti wó, àmọ́ ilé Fẹlá dúró gbọin. Àbùùbùtán tó o rí yẹn wá gba ti ọlọ́pàá mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú omi. Orin ń ròyìn ìyà, àwòrán ti ń ṣẹ́gun ní tiẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé Fẹlá ò sọ ohun tó máa yà fún un ni?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ gan-an ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí Fẹlá tá a mọ̀, ẹni tí ò gba ìgbàkugbà lọ́wọ́ àwọn onílù ẹ̀. Lemi á gbọ́ orin, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ lé e, á wá lọ ya ohun tóun rí níbẹ̀, nígbà míì á tún kọ èrò tiẹ̀ sẹ́yìn páálí. Àwo jùjú ayé ìgbà yẹn ńkọ́? Fọ́tò ọ̀gá olórin nínú agbádá, ó parí, ojú ọ̀gá ni wọ́n ń tà. Ṣùgbọ́n orin Fẹlá kan lè gba odidi ojú àwo kan, páálí yẹn náà fẹ̀ tó ínṣì 12, kí lèèyàn tó jókòó ti gíráámù fẹ́ máa wò tí kì í bá ṣe páálí?

Ìbéèrè: Àwo Zombie tí Fẹlá fi bú àwọn sójà ńkọ́?

Ìdáhùn: Fọ́tò sójà ló gé tó lẹ̀ pọ̀ síyẹn, kò fi bẹ́ẹ̀ yàwòrán. Kó tó di pé a mọ̀, ní February 18, 1977, àwọn sójà dáná sun ilé Fẹlá. Ilé yẹn náà ni o, èyí tó dúró gbọin lórí páálí bàbá àgbà ẹ.

Ìbéèrè: Lemi àti Fẹlá ò jà rí?

Ìdáhùn: Wọ́n jà o. Lọ́dún 1977 yẹn náà, Lemi ya ti Sorrow Tears and Blood, Fẹlá ní kò tẹ́ òun lọ́rùn, bí wọ́n ṣe pínyà fún ọdún bíi mélòó kan nìyẹn. Nígbà tó máa padà, Beasts of No Nation ti 1989 ló fi dé, ó hu ìwo sórí Thatcher ti Britain, Reagan ti Amẹ́ríkà àti Botha ti South Africa. Gbogbo páálí tó ṣe fún Fẹlá jẹ́ 26. Ti bàbá àgbà ẹ yẹn ni àkọ́kọ́, má jẹ́ kí wọ́n fi wé ẹ̀pà o.