A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: àlàyé lórí ohun tó ń yọ síni lára

Bí nǹkan bá yọ sí èèyàn lára, ìbéèrè tí gbogbo ilé máa kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ó ń yún ẹ?" Bó bá ń yún, a ó wá ìpara lọ. Bí kò bá yún, a ó ní kò sí nǹkan kan, á lọ fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an la ti ń ṣì í. Púpọ̀ nínú ohun tó ń yún wa ló rọrùn láti wò, wọn kì í sì í pani. Èyí tó ń sọ ìka di kùkùté, tó ń sọ ẹsẹ̀ di egbò àdáàjinná, jẹ́ẹ́jẹ́ ló máa ń wọlé, láìyún, láìdunni. Àwọn tó pa á lówe pé ká má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá kò fi ọ̀rọ̀ ṣeré rárá.

Lesion ni àwọn dókítà ń pe ibikíbi lára awọ tó bá ti yàtọ̀ sí awọ tó yí i ká. Ó lè jẹ́ pé àwọ̀ ibẹ̀ ló yí padà, ó lè wú, ó lè gba omi tàbí ọyún sínú, ó lè bó, ó lè di egbò. Kì í ṣe orúkọ àrùn kan, àmì ni. Àrùn mẹ́wàá lè gbé irú àmì kan náà jáde, àrùn kan ṣoṣo sì lè gbé oríṣi mẹ́ta jáde lára ẹnì kan náà. Ìdí nìyẹn tí dókítà tó mọṣẹ́ fi máa ń wò ó dáadáa kó tó sọ̀rọ̀: ṣé ó tẹ́ pẹrẹsẹ àbí ó ga? Ṣé etí rẹ̀ ló le jù àbí àárín? Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ara ló wà àbí tọ̀tún tòsì? Ta ló tún ní in nínú ilé?

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún wà níbẹ̀. Ìwé ìṣègùn tí wọ́n kọ nílẹ̀ òyìnbó á ní ojú ibẹ̀ máa pọ́n. Lára ẹni tó dú, pípọ́n yẹn kì í hàn. Ńṣe ni ibẹ̀ máa ń ṣókùnkùn ju awọ tó kù lọ, tàbí kó ní àwọ̀ èsè àlùkò, ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lára bó bá gbóná lọ́wọ́ yín. Nígbà tí ọmọ Nàìjíríà kan, Chidiebere Ibe, ya àwòrán ọmọ dúdú nínú ìyá dúdú lọ́dún 2021, ó gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì kan, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò rí irú rẹ̀ rí nínú ìwé ìṣègùn. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwòrán àrùn awọ. Bí ohun tó yọ bá sì ti san, ojú ibẹ̀ lè dúdú fún oṣù mélòó kan lára wa. Àpá lásán nìyẹn. Kò yẹ kẹ́nì kankan torí ẹ̀ ra ìpara abóra.

Ẹ jẹ́ ká mú làpálàpá wò, nítorí òun ni gbogbo wa mọ̀. Ó máa ń ṣe roboto bí òrùka, etí rẹ̀ á ga, á máa ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́, á máa yún, àárín rẹ̀ á wá dà bí ẹni pé ó ti ń san. Fọ́ńgọ̀ọ̀sì ló ń fà á, ìbátan ohun tó ń hù lórí búrẹ́dì tó bá ti bu. Òkè awọ, irun àti èékánná ni oúnjẹ rẹ̀. Bó bá ti jẹ àárín tán, á gba etí lọ, òun ló fi ń fẹ̀ sí i bí òrùka. Kílípà onígbàjámọ̀ tí wọn kò nù, kọ́ọ̀mù, fìlà, tówẹ́ẹ̀lì, ajá àti ológbò ló ń gbé e kiri.

Ìpara clotrimazole, miconazole tàbí terbinafine ń pa á. Bẹ́ẹ̀ náà ni òìńmẹ́ńtì Whitfield, tí kò wọ́n, tó jẹ́ benzoic acid ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún àti salicylic acid ìdá 3. Ibi tí a ti ń ṣe àṣìṣe ni bí a ṣe ń lò ó. Ẹ fi kọjá etí òrùka náà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, torí fọ́ńgọ̀ọ̀sì ti débẹ̀ kí ojú tó rí i. Ẹ máa fi pa á fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, bó bá sì ti pòórá, ẹ tún fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Ewé àsunwọ̀n òyìnbó tí àwọn ìyá wa ń gún fi pa á kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Wọ́n ti gbé e yẹ̀ wò ní ilé àyẹ̀wò, ó sì ń bá fọ́ńgọ̀ọ̀sì jà. Ṣùgbọ́n agbára tó wà nínú ẹ̀kúnwọ́ kan kì í bá ti òmíràn dọ́gba.

Ti orí ọmọdé yàtọ̀. Inú gbòǹgbò irun ni èyí wà, ìpara kì í sì í débẹ̀. Oògùn mímu ló ń wò ó, irú bíi griseofulvin, fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ní ìwọ̀n tí ara ọmọ náà bá tẹ̀. Oúnjẹ tó lọ́ràá ni kí ó fi jẹ ẹ́ kó lè wọra dáadáa. Ìyá tó ti fi ìpara pa orí ọmọ rẹ̀ fún ọdún kan tí kò lọ, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, wọn kò sọ fún un ni.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ làpálàpá ni àwọn ìpara alápapọ̀ mẹ́ta tí kẹ́mísìtì ń tà fún gbogbo ohun tó bá yọ: oògùn fọ́ńgọ̀ọ̀sì, oògùn bakitéríà àti sítẹ́rọ́ọ̀dì nínú tíúbù kan. Èèyàn á pa á lónìí, bó bá fi máa di ọ̀tunla, ìyún ti lọ, òrùka náà ti ń parẹ́, inú rẹ̀ á dùn. Sítẹ́rọ́ọ̀dì ló ṣe é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa ìjà tí ara ń bá àrùn jà lẹ́nu mọ́, ìjà yẹn ló sì ń yúnni. Bí ara bá ti dákẹ́, fọ́ńgọ̀ọ̀sì rí àyè. Lọ́jọ́ tí ẹni náà bá dáwọ́ ìpara dúró, á padà wá, á tóbi ju ti tẹ́lẹ̀, kò sì ní ní etí òrùka mọ́, débi pé dókítà pàápàá lè má dá a mọ̀. Bí sítẹ́rọ́ọ̀dì náà bá pẹ́ lójú ibẹ̀, awọ á fẹ́lẹ́, ìlà yíya á wà ní abíyá àti kọ̀rọ̀ itan, ìlà yẹn kì í sì í lọ mọ́ láyé. Sítẹ́rọ́ọ̀dì yìí kan náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara abóra. Ẹ yí páálí ìpara yín padà kí ẹ tó sanwó: bí ẹ bá rí betamethasone, dexamethasone tàbí clobetasol, ti làpálàpá kọ́ nìyẹn.

Síbẹ̀, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni kà á sí májèlé. Èkísímà nílò rẹ̀. Òun ni awọ tó máa ń gbẹ, tó ń nípọn, tó ń yún ọmọ ní kọ̀rọ̀ ìgúnpá àti ẹ̀yìn orúnkún, pàápàá nínú ìdílé tí ikọ́ fée wà. Hydrocortisone ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọjọ́ díẹ̀, ní ìmọ̀ràn dókítà, lè fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀. Ohun tó wá ṣe pàtàkì jù ni kí awọ má gbẹ: òrí tó mọ́ dára gan-an fún un, kí ẹ fi pa á bó bá ti wẹ̀ tán tí ara kò tíì gbẹ. Ọṣẹ líle àti omi tí wọ́n po apakòkòrò sí ló ń bà á jẹ́ jù.

Kúrúnà náà ń yún, àmọ́ òru ni tirẹ̀. Kòkòrò kan ló ń fà á, tí abo rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà kan. Á gbẹ́ ihò sínú òkè awọ, á máa yé ẹyin síbẹ̀. Ẹ fi iná fóònù wo àárín ìka ọwọ́ ẹni náà dáadáa: ẹ lè rí ìlà tín-ín-rín kan tó wọ́, tí kò gùn ju mìlímítà mélòó kan lọ, pẹ̀lú ẹ̀kán kékeré lópin rẹ̀. Kòkòrò náà ló wà níbẹ̀ yẹn. Ọrùn ọwọ́, ìbàdí, abẹ́ ọmú àti ojú ara ni ẹ tún ti máa rí i. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó o lè lo ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kó tó máa yún un, á sì ti kó o ran gbogbo yàrá kó tó mọ̀. Nítorí náà, ẹ má wo ẹnì kan ṣoṣo. Gbogbo ará ilé ni kí ó pa permethrin ìdá 5 tàbí benzyl benzoate ìdá 25 lọ́jọ́ kan náà, láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, títí kan abẹ́ èékánná. Ti ọmọdé, kí wọ́n bi apòògùn nípa ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti bẹ́ẹ̀dìṣíìtì. Èyí tí kò ṣeé fọ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá fún ọjọ́ 3 ó kéré tán. Ìyún lè wà fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ẹ má torí ẹ̀ máa pa oògùn náà lójoojúmọ́, á jó ara.

Eéwo kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bakitéríà tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus ló wọ ojú ihò irun. Aṣọ tí wọ́n rì sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́, yóò jẹ́ kó pọ́n kó sì tú fúnra rẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, pàápàá èyí tó bá wà ní imú tàbí ètè òkè, torí iṣan ibẹ̀ lọ tààrà sí ọpọlọ. Ẹni tí eéwo bá ń yọ sí lára léraléra, kó lọ yẹ ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ó wá kan àwọn tí kì í yún.

Ẹ̀tẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ bí àbàwọ́n kan ṣá. Lára ẹni dúdú, ó máa ń mọ́ ju awọ tó kù lọ tàbí kó pọ́n díẹ̀ bí bàbà. Irun ibẹ̀ lè re, ibẹ̀ kì í sì í làágùn. Ẹ ní kí ẹni náà dijú, kí ẹ fi òwú tín-ín-rín kan an ní awọ tó dára, kí ó nawọ́ sí ibi tí ẹ kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ kan àbàwọ́n náà. Bí kò bá mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kan òun, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Láti ọdún 1981 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa fi àpapọ̀ oògùn bíi rifampicin, dapsone àti clofazimine wò ó; lónìí, oṣù 6 ni fún ẹni tí tirẹ̀ kò pọ̀, oṣù 12 fún ẹni tó pọ̀ lára rẹ̀. Láti 1995, ọ̀fẹ́ ni oògùn náà kárí ayé. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kò lè kó o ran ará ilé rẹ̀ mọ́, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi máa ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀.

Èyí tí àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà kò mọ̀ tó ni ọgbẹ́ Buruli, tó gba orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ agbègbè kan ní Uganda. Kókó kékeré kan tí kò dunni ni, lápá tàbí lẹ́sẹ̀ ọmọdé jù lọ, ní àwọn abúlé tó wà nítòsí àbàtà àti odò tí kì í sáré. Bakitéríà tó ń fà á, Mycobacterium ulcerans, jẹ́ mọ̀lẹ́bí ti ẹ̀tẹ̀ àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ó ń tu májèlé tó ń pa ẹran abẹ́ awọ, tó sì ń pa ìrora níbẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa là, egbò abẹ́ ilẹ̀ ti fẹ̀ ju ojú tí à ń rí lọ. Wọ́n á ní àsàsí ni, wọ́n á gbé ọmọ kiri. Ilé ìtọ́jú kan wà fún un nílùú Pobè ní orílẹ̀-èdè Benin, lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń sọ Yorùbá níbẹ̀, àwọn aláìsàn láti ìpínlẹ̀ Ògùn sì ti ń kọjá ẹnubodè lọ gba ìtọ́jú. Rifampicin àti clarithromycin fún ọ̀sẹ̀ 8 ni. Bí wọ́n bá tètè dé nígbà tó ṣì jẹ́ kókó, ó lè má gba iṣẹ́ abẹ rárá.

Àmì dúdú ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí lábẹ́ èékánná náà kì í yún. Ọgbẹ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ́kọ́ pe ti àtàǹpàkò ẹsẹ̀ Bob Marley, àṣé jẹjẹrẹ awọ ni. Wọ́n rí i lọ́dún 1977, ó kú ní May 1981, ọmọ ọdún 36. Ìlà dúdú lórí èékánná púpọ̀ wọ́pọ̀ lára àwa adúláwọ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀. Èékánná kan ṣoṣo tí ìlà rẹ̀ ń fẹ̀ sí i ni kí ẹ gbé lọ. Àwọn àfín sì wà nínú ewu tiwọn: oòrùn ń jó awọ wọn láti kékeré, egbò tín-ín-rín tó bá lò ju oṣù kan lọ ní ojú, etí tàbí ọrùn wọn kì í ṣe ohun tí à ń fi ìpara bò. Fìlà etí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti aṣọ alápá gígùn ni kí wọ́n ti máa wọ̀ fún wọn láti ọmọdé, kí wọ́n máa fi ìpara oòrùn kún un.

Ó ku ọ̀kan tí kò lè dúró dọ̀la. Bí èèyàn bá lo oògùn tuntun, pàápàá Septrin, Fansidar tàbí oògùn wárápá, tí ara rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí ẹnu àti ojú rẹ̀ ń ṣe egbò, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lóru náà. Ẹ mú páálí oògùn náà dání, kí wọ́n lè kọ orúkọ rẹ̀ sínú káàdì rẹ̀.