Àwòrán X-ray Inú Kọ̀ǹpútà: Òjìji Tó Di Nọ́ńbà

Ẹni tó bá lọ ya X-ray lóde òní lè má fojú kan fíìmù rárá. Wọ́n á ní kó di èémí mú, ẹ̀rọ á dún, kó sì tó wọ aṣọ rẹ̀ tán, àwòrán àyà rẹ̀ ti lè yọ lójú kọ̀ǹpútà. Ohun tí kọ̀ǹpútà náà tọ́jú kì í ṣe àwòrán o. Nọ́ńbà ni, ọ̀kẹ́ àìmọye nọ́ńbà tí wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ.

Ìtànṣán X-ray tí wọ́n fi ń ya àwòrán náà fúnra rẹ̀ kò yí padà láti ìgbà tí Wilhelm Röntgen ṣàwárí rẹ̀ nílùú Würzburg, ní Jámánì, lóṣù kọkànlá ọdún 1895. Ó pè é ní X nítorí pé kò tíì mọ irú ohun tó jẹ́. Inú ìgò tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde ló ti ń wá. Wáyà tín-ín-rín kan ń gbóná níbẹ̀, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń bọ́ lára rẹ̀, iná mànàmáná tó lágbára gan-an sì ń fi wọ́n sọ̀kò lu irin tungsten. Nǹkan bí ìdá 99 nínú 100 agbára náà ló ń di ooru. Èyí tó kù ló ń di ìtànṣán.

Nọ́ńbà méjì ni òṣìṣẹ́ máa ń yàn kó tó tẹ bọ́tìnnì. kV ló ń sọ bí ìtànṣán ṣe máa lè la ara kọjá tó, mAs ló ń sọ bó ṣe máa pọ̀ tó. Eegun, nítorí kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀, ń dá púpọ̀ dúró, ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dá nǹkan kan dúró. Ìdí nìyí tí eegun fi ń funfun, tí ẹ̀dọ̀fóró fi ń dúdú. Òjìji ni X-ray. Bí òjìji ọwọ́ ṣe ń tóbi sí i tí a bá gbé ọwọ́ kúrò nítòsí ògiri lọ sẹ́bàá àtùpà, bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn á tóbi ju bó ṣe jẹ́ lọ tó bá jìnnà sí pánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn pátákó tó ń gba ìtànṣán sílẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń ní kí èèyàn fi àyà ti pánẹ́ẹ̀lì, kó kẹ̀yìn sí ìtànṣán.

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ láti gba òjìji yìí sílẹ̀. CR (computed radiography) ń lo káṣẹ́ẹ̀tì kan tí ohun pélébé inú rẹ̀ ń fi agbára ìtànṣán pamọ́ títí wọ́n á fi gbé e lọ sínú ẹ̀rọ tó ń fi iná lésà kà á. DR (digital radiography) yá ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìtànṣán á kọ́kọ́ di ìmọ́lẹ̀, sílíkọ́ọ̀nù á sọ ìmọ́lẹ̀ náà di iná mànàmáná, kọ̀ǹpútà á sì wọn ọ́n lójú ẹsẹ̀.

Ojú kékeré kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti wọn iná yìí ni píksẹ́ẹ̀lì. Lórí pánẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 35, tó sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 43, tí píksẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 0.14 mílímítà, wọ́n lé ní mílíọ̀nù 7. Bí ẹ̀rọ náà bá jẹ́ bíìtì 14, nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ iyekíye láti 0 dé 16,383. Ojú èèyàn kò lè dá gbogbo àwọ̀ eérú bẹ́ẹ̀ mọ̀ yàtọ̀, nítorí náà dókítà á mú apá kan nínú wọn, á nà án láti dúdú dé funfun. Wíńdò ni wọ́n ń pè é. Tó bá sún un síbí, ẹ̀dọ̀fóró á hàn. Tó bá sún un sọ́hùn-ún, eegun ẹ̀yìn á yọ, láìjẹ́ pé wọ́n tún X-ray yà. Ẹni tó fi fóònù ya ojú kọ̀ǹpútà tó sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ti gé àǹfààní yìí kúrò. Fáìlì DICOM ló yẹ kó béèrè fún, nítorí òun ló kó nọ́ńbà wọ̀nyẹn àti orúkọ aláìsàn pọ̀.

Ewu kan wà níbẹ̀. Láyé fíìmù, bí ìtànṣán bá pọ̀ jù, fíìmù á dúdú kirikiri, gbogbo ayé á rí àṣìṣe náà. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ ń tún àwọ̀ ṣe. Bí ìtànṣán bá kéré jù, àwòrán á rí hóróhóró bí ìgbà tí wọ́n wọ́n iyanrìn sí i. Bó bá pọ̀ jù, ńṣe ni yóò máa dán sí i. Ó rọrùn kí òṣìṣẹ́ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ láìfura. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 2008: DI (deviation index), nọ́ńbà tó ń sọ bí ìtànṣán tó dé pánẹ́ẹ̀lì ṣe yàtọ̀ sí èyí tó yẹ, á máa hàn pẹ̀lú àwòrán. Òdo túmọ̀ sí pé ó ṣe wẹ́kú. Bó bá jẹ́ +3, ìtànṣán tó dé pánẹ́ẹ̀lì ti tó ìlọ́po méjì èyí tó yẹ, bó ti wù kí àwòrán náà dára tó. Nígbà tó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n ń yà, nọ́ńbà yìí ló yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ wò.