Bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí adùn tí kì í ṣe ṣúgà ti ń pa ara lára

Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ tó sì yí ẹ̀yìn páálí bisikíìtì "sugar-free" wò máa ń rí orúkọ bíi sorbitol, xylitol, maltitol tàbí erythritol níbẹ̀. Adùn tí wọ́n fi ń rọ́pò ṣúgà ni wọ́n. "Sugar alcohol" ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kì í pa èèyàn bí ọtí.

Ara eku ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń dán wọn wò. Ọ̀wọ́ kan á jẹ oúnjẹ lásán, àwọn yòókù á jẹ èyí tí wọ́n po èròjà náà mọ́, láti orí kékeré dé orí púpọ̀. Ọdún méjì ni èyí ń gbà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo ayé eku. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á la eku, wọ́n á wọn ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀, wọ́n á sì wò wọ́n lábẹ́ maikirosíkóòpù. Ìwọ̀n tó pọ̀ jù tí kò ṣe eku ní nǹkan kan ni wọ́n ń wá. Wọ́n sábà máa ń fi 100 pín in: 10 nítorí pé èèyàn kì í ṣe eku, 10 mìíràn nítorí pé ara ọmọdé, aboyún àti arúgbó kò rí bákan náà. Ìṣọ́ra yìí kò pọ̀ jù rárá. Xylitol tí èèyàn ń jẹ láìséwu lè mú kí ínsúlínì ajá tú jáde lójijì, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, kó sì kú.

Xylitol yìí ló tún kó àwọn aṣèdánwò sí wàhálà láàárín ọdún 1970 sí 1980. Eku tí ìdá kan nínú márùn-ún oúnjẹ wọn jẹ́ xylitol bẹ̀rẹ̀ sí í ní kókó nínú ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín. Nígbà tí wọ́n tú u wò dáadáa, wọ́n rí i pé kálísíọ̀mù ni ìfun eku ń fà sára jù, àti pé ṣúgà inú wàrà pàápàá ń ṣe eku bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ FAO (àjọ oúnjẹ àgbáyé) àti WHO (àjọ ìlera àgbáyé) kò wá fi òpin kankan sí iye tí èèyàn lè jẹ.

Ìfun èèyàn ló wá di òṣùwọ̀n. Èyí tí kò bá wọ ara nínú àwọn adùn yìí á fa omi sínú ìfun, kòkòrò àìfojúrí á sọ ọ́ di afẹ́fẹ́, inú á máa kùn, ìgbẹ́ gbuuru á sì tẹ̀ lé e. Lọ́dún 2023, EFSA, àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù, fi ìgbẹ́ gbuuru yìí díwọ̀n erythritol: ìdajì gíráàmù fún kílò ara kan lóòjọ́. Ọmọ tó wọn kílò 20 kò gbọdọ̀ kọjá gíráàmù 10.

Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn aṣèwádìí Cleveland Clinic ní Amẹ́ríkà rí i pé àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ wọ́pọ̀ jù lára àwọn tí erythritol pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ara fúnra rẹ̀ ń ṣe erythritol, nítorí náà a ò tíì lè sọ pé oúnjẹ ló fà á. Àwọn alátọ̀gbẹ, tí wọ́n ń tà á fún jù, ló yẹ kí ìdánwò tó kàn dojú kọ: ṣé ẹ̀jẹ̀ wọn ń yára dì, èyí tó lè fa rọpárọsẹ̀, lẹ́yìn oṣù mélòó kan tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́?