Kí Ni Ìṣètò Àjùmọ̀ṣe Lórí Oúnjẹ Aṣaralóore?

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún kan ààbọ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, tí kò ga tó ẹgbẹ́ rẹ̀. Omi kànga tí wọ́n ń mu nílé ń fún un ní ìgbẹ́ gbuuru lemọ́lemọ́. Ẹ̀wà ti wọ́n. Ìyá rẹ̀ ń tajà láti àárọ̀ dalẹ́, kò ráyè fún un lọ́mú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Iléeṣẹ́ ìjọba wo ni ká wá fi ẹjọ́ yìí sùn? Ọ̀rọ̀ kan iléeṣẹ́ omi, ó kan ti àgbẹ̀, ó kan ti ìlera, ó kan ti ọ̀rọ̀ obìnrin. Bí kálukú bá ń dá tirẹ̀ ṣe, ọmọ náà á gba oògùn lónìí, á tún padà mu omi kànga yẹn lọ́la.

Ìdí tí ìṣètò àjùmọ̀ṣe fi wà nìyẹn: kí gbogbo iléeṣẹ́ tọ́rọ̀ kàn ní ètò kan ṣoṣo, kí wọ́n pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn, kí wọ́n sì jọ dojú kọ àdúgbò kan náà. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, 37 ni kò ga tó ọjọ́ orí wọn.

Igbákejì Ààrẹ ni alága ìgbìmọ̀ àgbà lórí oúnjẹ aṣaralóore, tó wà lókè pátápátá. Ìlànà ìjọba ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, kí ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ní.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé iléeṣẹ́ ètò ìsúná ló ń pe ìpàdé, kì í ṣe ti ìlera. Mo rò pé ó bọ́gbọ́n mu. Kọmíṣọ́nnà ìlera kò lè pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ètò ọ̀gbìn, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìwé ìsúná gbogbo wọn ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lè bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fowó ṣe.

Àwa ará Ọ̀ṣun ti rí irú iṣẹ́ yìí rí. Nígbà tí ètò oúnjẹ ọmọ iléèwé tí wọ́n ń pè ní O'MEALS bẹ̀rẹ̀ ní 2012, iléèwé ni àwọn ọmọ ti ń jẹun, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ wa ni ẹyin àti ẹja ti ń wá, àwọn obìnrin àdúgbò ló ń sè é. Owó kan ṣoṣo, ó ran agbo ilé mẹ́ta lọ́wọ́.

Ibi tó ń dùn mí ni ìsàlẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí ọmọ wà gan-an. Ìgbìmọ̀ lè wà nínú ìwé kó má ṣèpàdé. Wọ́n lè kọ owó sínú ìsúná kó má jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Olórundà tàbí ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo, ẹ lọ sí ẹ̀ka ìlera alábọ́dé, ẹ béèrè ẹni tó ń mójú tó oúnjẹ aṣaralóore. Ẹ bi í ìgbà tí ìgbìmọ̀ jókòó kẹ́yìn, àti iye tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ nínú owó tí wọ́n kọ sílẹ̀.