Ìbísí ọrọ̀ ajé kọ́ ni ìdàgbàsókè

Ó ti sú mi bí wọ́n ṣe máa ń kéde "ìdàgbàsókè" lórí rédíò nígbàkígbà tí GDP, àpapọ̀ iye ohun tí orílẹ̀-èdè pèsè lọ́dún, bá fi díẹ̀ lé sí i. Ẹni tó dàgbà, ó gbọ́n sí i, ó lè dá dúró. GDP ò mọ ìyẹn. Tí mo bá ń túmọ̀ "economic growth", "ìbísí" ni tèmi: ó pọ̀ sí i, ó parí. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn nìyẹn. Ẹran ọ̀sìn gan-an ni mo fi ń wò ó. Agbo ewúrẹ́ abúlé kan lè ti orí 20 di 30, kí 25 jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, kí márùn-ún tó kù rù kan eegun. Ẹni tó ka orí lásán yóò ní agbo ti bí sí i, kò sì purọ́.

Àwọn tó ń túmọ̀ GDP sí "owó tó wọlé fún ìjọba" ló tún burú jù. Iye ọjà àti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórílẹ̀-èdè láàrin ọdún kan ni, ìjọba ì báà rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, ì báà má rí i.

Lọ́dún 2017, GDP Nàìjíríà lọ sókè ní nǹkan bí 0.8%, àwọn èèyàn sì ń pọ̀ ju 2% lọ. Ó bí sí i lóòótọ́, àmọ́ ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan dín kù.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n ń kà. Iná lọ, ẹ tan jẹnẹrétọ̀: èrè ẹni tó ta epo wọ inú ìṣirò, owó iṣẹ́ ẹni tó tún ẹ́ńjìnnì ṣe náà wọ̀ ọ́. Jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀, tó bá ti òkè òkun wá, wọ́n á yọ ọ́. Èéfín àti oorun tí ẹ ò rí sùn ò sí níbẹ̀. Àmàlà tí ìyá rò nílé ò sí níbẹ̀. Ti olóúnjẹ wà níbẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, wọ́n gbé ọdún ìpìlẹ̀ ìṣirò náà (ọdún tí wọ́n ń fi iye owó ọjà rẹ̀ ṣírò) láti 1990 sí 2010, wọ́n ka fóònù àti fíìmù mọ́ ọn dáadáa. GDP ọdún 2013 fò sókè ní 89%, Nàìjíríà kọjá South Africa lọ́jọ́ kan. Ìkòkò ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò kún sí i lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìgbáyégbádùn ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Nígbà tí NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, fi í wọn òṣì ní 2022, mílíọ̀nù 133 èèyàn ni wọ́n kà mọ́ àwọn tó wà nínú òṣì. Lára ohun tí wọ́n béèrè: kí lẹ fi ń dáná?