Bí iṣẹ́ òru ṣe ń fa ọtí wọlé: àwọn tó ń kọ kóòdù ní Ìkòròdú

Bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá lù ní San Francisco lóṣù Kejìlá, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù ní Ìkòròdú. Wákàtí mẹ́sàn-án ni a fi ṣíwájú wọn nígbà òtútù wọn, mẹ́jọ nígbà ooru. Ọmọ Ìgbógbó tó ń bá ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ kọ kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, tí wọ́n sì ní kó wà nítòsí ní gbogbo àsìkò iṣẹ́ wọn, yóò jókòó ti láptọ́ọ̀pù láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di aago méjì òru. Bí wọ́n bá gbé kóòdù tuntun síta lálẹ́ ọjọ́ náà, tí nǹkan sì dojú rú, ó lè di aago mẹ́rin. Inú àwọn wákàtí yìí ni ọ̀rọ̀ ọtí àti oògùn láàárín àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ní ilé ijó, kì í sì í ṣe lọ́wọ́ ẹgbẹ́ búburú.

Kì í ṣe àwọn tó ń bá òyìnbó ṣiṣẹ́ nìkan ló ń fi òru ṣe ọ̀sán. Ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Victoria Island náà mọ̀ pé kí òun tó gba Mile 12 lọ kí òun sì tó padà, ilẹ̀ ti ṣú. Lóru, àdúgbò á parọ́rọ́, íntánẹ́ẹ̀tì á já gaara, iná náà sì lè wá. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Egbin, tó lè pèsè 1,320 mẹ́gáwáàtì, wà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín nítòsí Ìjẹ̀dẹ́, ṣùgbọ́n inú wáyà gbogbo orílẹ̀-èdè ni iná rẹ̀ ń bọ́ sí. Ará Ìjẹ̀dẹ́ ò lè fa tirẹ̀ yọ. Ìgbà tí iná bá dé ni ọ̀pọ̀ ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ aago kan òru ló dé, aago kan òru náà nìyẹn.

Ara kò mọ San Francisco. Láti ìgbà tí èèyàn bá ti jí ni èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine ti ń kóra jọ nínú ọpọlọ, bó sì ṣe ń pọ̀ sí i ni oorun ń kun ojú. Caffeine, tó wà nínú obì, gbànja, kọfí àti energy drink, kì í lé adenosine lọ. Orí àga tó yẹ kí adenosine jókòó sí ló máa ń lọ gbà. Adenosine á wà lórí ìdúró, á máa pọ̀ sí i, ọpọlọ ò sì ní gbúròó rẹ̀. Ìgbà tí caffeine bá dìde, gbogbo èyí tó ti ń dúró á jókòó lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí oorun tó ń tẹ̀ lé energy drink fi máa ń wó èèyàn lulẹ̀. Ẹni tó bá sì ń mu ún lójoojúmọ́, ọpọlọ rẹ̀ á kan àga kún àga, títí agolo kan kò fi ní tó mọ́.

Àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọjà lóru ti mọ iṣẹ́ gbànja tipẹ́tipẹ́. Ohun tó yí padà ni ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ energy drink ní nǹkan bíi 32 mg caffeine nínú 100 ml, èyí tó túmọ̀ sí 80 mg nínú agolo 250 ml àti 160 mg nínú ìgò oníke 500 ml. Ara àgbàlagbà máa ń lo nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kó tó yọ ìdajì rẹ̀ kúrò. Bí ẹnì kan bá mu ìgò 500 ml ní aago mẹ́wàá alẹ́, nígbà tó bá fi máa pa láptọ́ọ̀pù dé ní aago mẹ́ta òru, 80 mg ṣì wà lára rẹ̀. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu agolo kan tán ló ṣe fẹ́ lọ sùn. Fún obìnrin tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró, caffeine lè pẹ́ tó ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀, ó sì dun ni pé ìwọ̀nba ni àwọn tó ń sọ èyí fún wọn. Irínwó (400) mg lóòjọ́ ni wọ́n ní kí àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le má kọjá. Ìgò ńlá mẹ́ta ti kọjá ibẹ̀.

Ẹ wá wo aago mẹ́ta òru yẹn dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọtí ti ń wọlé. Iṣẹ́ ti parí, ara ti rẹ̀, ojú ò sì pa dé. Láago mẹ́fà, kẹ̀kẹ́ márúwá á ti máa han ládùúgbò, oníbúrẹ́dì á máa pe búrẹ́dì. Ẹni náà mọ̀ pé bí òun ò bá sùn báyìí, òun ò ní sùn mọ́. Kíósì ti tì, ṣùgbọ́n ó ti ra ọtí inú ọ̀rá pamọ́ láti ìrọ̀lẹ́, wọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú ṣájà àti wáyà. Ọ̀rá 30 ml tí ọtí inú rẹ̀ jẹ́ ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ń kó nǹkan bíi 9.5 g ọtí gidi wọ ara; ìgò bíà 60 cl tó jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ń kó nǹkan bíi 24 g. Ẹ̀dọ̀ kì í sì í lè fọ̀ ju nǹkan bíi 7 sí 10 g lọ ní wákàtí kan. Ọ̀rá mẹ́ta ní aago mẹ́ta òru máa gba ẹ̀dọ̀ ní wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Paraga tiẹ̀ tún léwu ní ọ̀nà mìíràn: kò sí ẹni tó mọ bí ọtí inú ife náà ṣe le tó, títí kan ẹni tó ń tà á.

Òótọ́ ni pé ọtí ń tètè mú oorun wá. Ó ń fún èròjà ọpọlọ kan tí wọ́n ń pè ní GABA lágbára, èyí tó ń pa ọpọlọ lẹ́nu mọ́, ó sì ń tẹ glutamate rì, èyí tó ń ta á jí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dọ̀ bá ti ń fọ ọtí náà kúrò, ìdàkejì á ṣẹlẹ̀. Glutamate á gbérí, àyà á máa lù kìkì, ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n, òùngbẹ á jí i. Oorun alálàá, tí ọpọlọ fi ń to ohun tó kọ́ lọ́sàn-án jọ, á ti dín kù ní ìdajì àkọ́kọ́ òru, á sì di ségesège ní ìdajì kejì. Bó bá jí ní aago mẹ́wàá, wákàtí ti pé, oorun ò pé. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ wá ni energy drink. Báyìí ni ọ̀kan ṣe ń pe èkejì, láìsí pé ẹnikẹ́ni jókòó pinnu pé òun fẹ́ di ọ̀mùtí.

NAFDAC gbìyànjú láti gba ọtí inú ọ̀rá kúrò lọ́jà. Láti ọdún 2018 ni wọ́n ti bá àwọn tó ń ṣe é fọwọ́ sí ìwé pé yóò dópin ní January 2024. Ní oṣù February ọdún náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé e, lẹ́yìn náà ni ìjọba tún sún un di ìparí ọdún 2025.

Ìtàn kan wà tí àwọn tó ń kọ kóòdù fẹ́ràn, pé ọtí díẹ̀ ń mú ọwọ́ yá lórí iṣẹ́ yìí. Àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2007 ló tan án kálẹ̀, orúkọ Steve Ballmer tó jẹ́ ọ̀gá Microsoft nígbà náà ni wọ́n sì fi ń pè é. Ẹ̀fẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ sì ti sọ ọ́ di ẹ̀rí. Ìwádìí tí wọ́n sábà ń fi gbè é lẹ́sẹ̀ jáde ní 2012 láti Yunifásítì Illinois ní Chicago. Wọ́n fún àwọn ọkùnrin ní ọtí títí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ wọn fi tó nǹkan bíi 0.075 nínú ọgọ́rùn-ún, díẹ̀ ló sì kù kó dé 0.08 tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹni tó bá kọjá á kò gbọdọ̀ wakọ̀. Wọ́n yanjú àlọ́ ọ̀rọ̀ ju àwọn tí kò mu lọ, èyíinì ni kéèyàn wá ọ̀rọ̀ kan tó bá ọ̀rọ̀ mẹ́ta tan. Ṣùgbọ́n agbára àtidi nǹkan púpọ̀ mú sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà dín kù lára wọn, agbára yẹn gan-an ni ẹni tó ń wá àṣìṣe nínú kóòdù ń lò. Ó ní láti rántí ohun tó wà nínú fáìlì yìí, ohun tí èyí ń retí lọ́wọ́ ìyẹn, àti ohun tó yí padà lánàá. Ọtí kì í jẹ́ kéèyàn di mẹ́ta mú.

Àwọn mìíràn ń da ọtí àti energy drink pọ̀. Caffeine á bo àmì pé ọtí ti ń pa wọ́n mọ́lẹ̀, ẹ̀dọ̀ ò sì ní tìtorí ìyẹn yára. Ní 2010, FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pò wọ́n pọ̀ sínú agolo kan.

Ní Silicon Valley, àgbègbè àwọn ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, Adderall àti modafinil, oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, ni wọ́n sábà ń dárúkọ. Níhìn-ín, Tramadol ló wà lárọ̀ọ́wọ́tó. Ẹ̀yìn dídùn ló sábà ń mú un wọlé, nítorí àga oníke tí wọ́n fi ń jókòó fún wákàtí mẹ́wàá. Ẹni tó bá lo ọ̀kan á rí i pé kì í ṣe ẹ̀yìn nìkan ló fúyẹ́, ọkàn náà fúyẹ́, ojú sì dá, nítorí ó ń gbé àwọn èròjà ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní serotonin àti noradrenaline sókè yàtọ̀ sí pé ó ń pa ìrora. NAFDAC fọwọ́ sí 50 mg àti 100 mg. Èyí tó ń lọ lábẹ́lẹ̀ jẹ́ 225 mg. Méjì nínú rẹ̀ ti kọjá 400 mg tó jẹ́ òpin ọjọ́ kan, ó sì lè fa gìrì. Bí ọtí bá wà nínú ara pẹ̀lú rẹ̀, èémí lè lọ sílẹ̀ títí yóò fi dákẹ́ lójú oorun.

Ní September 2022, NDLEA ká nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 1.8 kokéènì mọ́ ilé kan ní Solebo Estate ní Ìkòròdú. Bí wọ́n bá dárúkọ oògùn olóró ní ìlú yìí, ìyẹn ló máa ń wá sọ́kàn. Ohun tó wà lábẹ́ tábìlì ẹni tó ń kọ kóòdù, ọ̀dọ̀ oníkíósì àti oníkẹ́mísì ló ti wá.

Iṣẹ́ yìí tún ń bo ọtí àti oògùn mọ́lẹ̀. Awakọ̀ tó mu paraga, ojú ọ̀nà á tú u fó. Ẹni tó wà nínú yàrá rẹ̀, kò sí ọ̀gá tó ń gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kó tan kámẹ́rà, ó lè ní íntánẹ́ẹ̀tì ò dáa. Ohun tí àwọn ará ilé mọ̀ ni pé ọmọ ń sùn títí di ọ̀sán, owó sì ń wọlé. Òmíràn ò tiẹ̀ ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ kí wọ́n má bàa pè é ní ọmọ yahoo. Ẹni tó bá ń dá mutí kó lè sùn, ta ni yóò sọ fún un pé ó tó?

Dídá a dúró ní ọ̀nà tirẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo ilé mọ èyí. Caffeine tí èèyàn já lójijì ń fa ẹ̀fọ́rí láàárín wákàtí 12 sí 24, ó lè tó ọjọ́ mẹ́sàn-án. Dídín in kù díẹ̀díẹ̀ ló dára. Ti ọtí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, tó wá já a lójijì, gìrì lè mú un láàárín wákàtí 6 sí 48, lẹ́yìn náà ó lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ó sì lè kú. Ẹ má ti irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́lé kí ó lè jáwọ́, ẹ má sì jẹ́ kó dá a gbé nínú ilé àdúrà láìsí dókítà. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tó wà láti 1907, ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì. NDLEA ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ fún ìmọ̀ràn, 080010203040. Dókítà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́wàá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe, tí máàkì rẹ̀ lọ láti 0 dé 40. Láti 8 lọ sókè ni wọ́n ti ń rí i pé ọtí lè máa pa ẹni náà lára.

Fún ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀, aago ni kó kọ́kọ́ tún ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ ìgò. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń fẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúkojú. Àwọn mìíràn lè gbà bí èèyàn bá bẹ̀ wọ́n fún wákàtí mẹ́rin. Aago mẹ́fà sí mẹ́wàá alẹ́ ní Ìkòròdú jẹ́ aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán ní San Francisco lóṣù Kejìlá, ìpàdé lè bọ́ sínú rẹ̀. Ìyókù iṣẹ́ lè wáyé láti aago kan ọ̀sán sí márùn-ún. Bí agolo 80 mg tó kẹ́yìn bá jẹ́ ti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, 40 mg ló kù ní aago mẹ́sàn-án, 20 mg ní aago méjì òru, ẹni náà á sì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì láti aago méjìlá.