Owó gbà-má-bínú lẹ́yìn ìjàǹbá tí awakọ̀ sá lọ

Bí ọkọ̀ bá gbá èèyàn, tí awakọ̀ kò dúró, tí kò sọ orúkọ rẹ̀, tí kò sì wo ti ẹni tó wà nílẹ̀, a jẹ́ pé ó gbá èèyàn sá lọ. Owó gbà-má-bínú ni owó tí ẹni tó fara pa nínú irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ lè gbà fún àdánù tó bá a: owó ìtọ́jú, owó iṣẹ́ tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, àti ìrora tó jẹ. Ohun tó ya ọ̀ràn yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ìjàǹbá ọkọ̀ yòókù ni pé ẹni tó jẹ gbèsè ti ná pápá bora. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ló kù fún ẹni tó fara pa: kí wọ́n bá a wá awakọ̀ náà rí, tàbí kí ó gba owó lọ́wọ́ ibòmíràn tí òfin tàbí ìwé adójútòfò ti pèsè sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ojú tí òfin fi ń wo sísá lọ

Àdéhùn Vienna lórí ìrìnnà ojú pópó, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1968, pa á láṣẹ fún ẹnikẹ́ni tí ìjàǹbá bá kàn pé kí ó dúró ní kíá láìtún dá ewu mìíràn sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí àwọn tọ́rọ̀ kàn mọ ẹni tí òun jẹ́ bí wọ́n bá béèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa tàbí kú, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ọlọ́pàá gbọ́. Òfin inú ilé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè bá èyí mu. Sísá lọ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró fúnra rẹ̀: awakọ̀ tí kò jẹ̀bi ìjàǹbá rárá lè ṣẹ̀wọ̀n nítorí pé ó sá.

Ọ̀ràn ìjìyà ọ̀tọ̀, ọ̀ràn owó ọ̀tọ̀. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ti rọ̀ mọ́ ẹni tó jẹ̀bi, pé awakọ̀ sá lọ nìkan kò tó. Ẹni tó ń béèrè owó ṣì ní láti fi hàn pé ìwàkuwà tàbí àìfiyèsí awakọ̀ náà ló fa ìjàǹbá. Adájọ́ lè ka sísá náà sí àmì pé awakọ̀ mọ̀ pé òun ṣẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni tó fara pa bá já sójú títì lójijì, wọ́n lè yọ lára owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ẹ̀bi tirẹ̀, bí ẹni pé awakọ̀ náà dúró.

Bí ọwọ́ ọlọ́pàá tilẹ̀ tẹ awakọ̀, ọ̀rọ̀ owó kì í fìgbà gbogbo yanjú. Lára àwọn tó ń sá ni àwọn tó mutí, àwọn tí kò ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, àwọn tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n jí, àti àwọn tí kò ní adójútòfò. Ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ kò ní rí nǹkan kan san, bí ilé ẹjọ́ bá tiẹ̀ dá a lẹ́bi.

Ẹ̀rí àti bó ṣe ń pòórá

Nínú ìjàǹbá mìíràn, awakọ̀ méjèèjì á dúró, wọ́n á gba orúkọ àti nọ́ńbà ìwé adójútòfò ara wọn. Níbí, ẹni tó fara pa nìkan ló ṣẹ́ kù, ó sì lè jẹ́ pé òun gan-an kò rántí ohunkóhun, torí ẹni tó fi orí gbálẹ̀ lè gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìjàǹbá náà àti lẹ́yìn rẹ̀ pátápátá. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tó wà nítòsí fi níye lórí tó bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ ọkọ̀, irú ọkọ̀, ọ̀nà tó gbà lọ, àti nọ́ńbà rẹ̀, kódà bó jẹ́ lẹ́tà méjì péré ni ẹlẹ́rìí rí, lè dín iye ọkọ̀ tí ọlọ́pàá ní láti yẹ̀ wò kù gan-an. Ẹlẹ́rìí tí wọn kò bá gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kì í sábà ṣeé rí mọ́.

Ọkọ̀ pẹ̀lú sábà máa ń fi nǹkan sílẹ̀: àfọ́kù iná iwájú, ègé bọ́ńpà, dígí ẹ̀gbẹ́ tó já, ọ̀dà tó bó. Nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe iná náà tẹ̀ sára rẹ̀ lè wà lára àfọ́kù kékeré kan, ó sì lè tọ́ka sí irú ọkọ̀ àti sáà tí wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀. Aṣọ tí ẹni náà wọ̀ jẹ́ ẹ̀rí bákan náà, torí ọ̀dà àti eérún gíláàsì lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ó máa ń dunni púpọ̀ pé àwọn ẹbí tí kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn ń fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ náà tàbí kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ohun tó dára jù ni kí wọ́n sá a gbẹ láìfọ̀ ọ́, kí wọ́n fi í sínú àpò bébà, kí wọ́n sì kó o fún ọlọ́pàá. Àpò ọ̀rá a máa jẹ́ kí ó bu.

Fídíò ló ń yára lọ jù. Púpọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà tó wà lára ṣọ́ọ̀bù, ilé gbígbé àti inú ọkọ̀ akérò ń gba fídíò tuntun lé orí ti àtijọ́, ti ọjọ́ ìjàǹbá sì lè pa rẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń dúró kí ọlọ́pàá béèrè rẹ̀ lè dúró títí tí fídíò náà á fi lọ. Ó yẹ kí ẹnìkan kọ̀wé sí onílé tàbí oníṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì pé kí wọ́n má pa á rẹ́.

Ọ̀nà méjì ni lílọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ń gbà wúlò. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú orí tàbí nínú ikùn lè má fi ara hàn fún wákàtí púpọ̀, ó sì lè pani. Àkọsílẹ̀ dókítà ló sì ń so ọgbẹ́ mọ́ ìjàǹbá. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá kí ẹni náà tó rí dókítà, ohun àkọ́kọ́ tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò á sọ ni pé ibòmíràn ló ti fara pa. Bákan náà ni ti ọlọ́pàá: púpọ̀ nínú àwọn tó ń san owó kì í gbọ́ ẹjọ́ tí kò ní ìròyìn ọlọ́pàá nínú.

Ibi tí owó ti ń wá

Bí wọ́n bá rí awakọ̀, adójútòfò rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá rí i, ìwé adójútòfò ẹni tó fara pa fúnra rẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn ń ra ẹ̀ka adójútòfò kan tó ń san owó fún wọn bí awakọ̀ tí kò ní adójútòfò bá ṣe wọ́n léṣe, ó sì sábà máa ń kan awakọ̀ tó sá lọ. Nínú ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó ń bá ẹni tó ni í lọ kódà bó bá ń fẹsẹ̀ rìn, ó sì lè kan àwọn ará ilé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ìtọ́jú tí ilé-iṣẹ́ ń san fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú fún ẹni tí wọ́n gbá nígbà tó ń jíṣẹ́ fún ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀nà tó gbòòrò jù ni àpò owó tí ìjọba tàbí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò jọ dá sílẹ̀. Ní Brítéènì, àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò dá Motor Insurers' Bureau sílẹ̀ lọ́dún 1946. Ti awakọ̀ tí kò ní adójútòfò ló kọ́kọ́ dojú kọ. Ọdún 1969 ni àdéhùn pẹ̀lú ìjọba tó wá fi àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kún un. Owó rẹ̀ ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ náà, ìyẹn ni pé gbogbo ẹni tó ń san owó adójútòfò ọkọ̀ ló ń dá sí i. Ilẹ̀ Faransé dá tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú òfin ọdún 1951. Ní Jàpáánì, òfin ọdún 1955 gbé ẹrù náà lé ìjọba fúnra rẹ̀ léjìká. Nígbà tó di ìparí ọdún 1983, àṣẹ kan jáde nínú ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pé gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àjọ kan tó ń san owó fún ẹni tí ọkọ̀ àìmọ̀ bá ṣe léṣe.

Ní Gúúsù Áfíríkà, orí epo mọ́tò ni owó náà ti ń wá: nínú gbogbo lítà tí èèyàn bá rà, iye kan ń lọ sínú àpò tí wọ́n ń pè ní Road Accident Fund. Íńdíà yan ọ̀nà mìíràn. Iye tí a ti là sílẹ̀ ni wọ́n ń san níbẹ̀: láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2022, ó jẹ́ rúpìì 200,000 fún ẹni tó kú àti rúpìì 50,000 fún ẹni tó fara pa gidigidi. Tẹ́lẹ̀, ó jẹ́ 25,000 àti 12,500. Kò sí àríyànjiyàn lórí iye náà, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ àdánù ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gé.

Níú Sílándì mú ìbéèrè ta-ló-jẹ̀bi kúrò pátápátá. Láti ọdún 1974, ẹnikẹ́ni tí ìjàǹbá bá ṣe léṣe níbẹ̀ ń gba ìtọ́jú, àti ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, yálà wọ́n rí awakọ̀ tàbí wọn kò rí i. Ohun tó pàdánù dípò rẹ̀ ni ẹ̀tọ́ láti pe ẹni tó ṣe é lẹ́jọ́ fún owó àdánù.

Òfin pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kan èèyàn lára

Àwọn tó ń san owó ń bẹ̀rù irọ́. Ẹni tó sùn lọ lẹ́nu ìwakọ̀ tó sì wọ inú kòtò lè sọ pé ọkọ̀ kan tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ló lé òun kúrò lọ́nà. Nítorí èyí, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà àti ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ń béèrè pé ọkọ̀ tó sá gbọ́dọ̀ kan ẹni náà tàbí ọkọ̀ rẹ̀ lára. Ìbẹ̀rù náà ní ìdí, ṣùgbọ́n ẹni tí òfin yìí ń pa lára jù ni ẹni tó yà kúrò lọ́nà láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là. Àwọn ibòmíràn rí ọ̀nà tó dára ju èyí: bí kò bá sí ìfarakanra, kí ẹlẹ́rìí tí kò ní ìpín nínú owó náà jẹ́rìí. Gúúsù Áfíríkà náà ní irú òfin yìí rí, kí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn Tó Ga Jù Lọ níbẹ̀ tó wọ́gi lé e lọ́dún 2003.

Ìbẹ̀rù kan náà ló jẹ́ kí àwọn àjọ Yúróòpù lè kọ̀ láti san owó ohun ìní tó bàjẹ́ bí a kò bá mọ ọkọ̀ náà, àfi tí ẹnìkan bá fara pa gidigidi nínú ìjàǹbá kan náà.

Ìṣirò owó àti àkókò

Níbi tí wọn kò ti fi iye kan lélẹ̀, àkọsílẹ̀ ló ń sọ iye owó. Rìsíìtì oògùn, owó ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn, ìwé owó oṣù, àti ìwé tí dókítà kọ nípa ohun tí ara náà kò ní lè ṣe mọ́ lọ́jọ́ iwájú wà lára rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni iṣẹ́ ìtọ́jú tí ẹbí ṣe láìgba kọ́bọ̀: ìyá tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin láti máa wẹ ọmọ rẹ̀ àti láti máa gbé e. Ní ọ̀pọ̀ ibi, òfin ka èyí sí àdánù tó ní iye. Ó sì léwu láti fọwọ́ sí ìwé pé owó ti pé kí ara tó fi bí yóò ṣe rí hàn, torí ẹni tó bá fọwọ́ sí i kì í sábà lè padà wá béèrè sí i.

Ọjọ́ tí òfin fún èèyàn láti béèrè lè kéré sí ti ìjàǹbá lásán. Ní Gúúsù Áfíríkà, ọdún mẹ́ta ni bí a bá mọ awakọ̀ tàbí ẹni tó ni ọkọ̀, ọdún méjì péré sì ni bí a kò bá mọ̀ wọ́n. Nínú ìwé adójútòfò tara ẹni, ó lè jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fún un láti sọ fún wọn pé ìjàǹbá ṣẹlẹ̀.

Bí ọwọ́ bá tẹ awakọ̀ nígbẹ̀yìn

Wọ́n ń rí àwọn awakọ̀ kan lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, nígbà míì nítorí pé ẹni tó tún ọkọ̀ náà ṣe fura. Àjọ tó ti san owó lè dojú kọ awakọ̀ náà láti gba owó rẹ̀ padà. Ẹni tó fara pa lè béèrè ohun tó ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n wọn kò ní san àdánù kan fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ní Íńdíà, ohun tó gbà tẹ́lẹ̀ nínú owó tí a là sílẹ̀ ni wọ́n ń yọ kúrò nínú owó tí ilé ẹjọ́ bá wá fún un, kí ó lè padà sínú àpò náà.